Ojú Méjì Lẹ́yìn Yángojì

Lóru Sátidé, lẹ́yìn Yángojì,
níbi tí ọ̀dà títì ti parí, tí ilẹ̀ pupa bẹ̀rẹ̀,
mo tan iná iwájú orí mi sínú igbó,
ojú méjì dá a padà.
Wọn ò ṣẹ́.
Mo ní ẹtu ni. Ó ga níwọ̀n ẹtu, ó dúró jẹ́ẹ́ bí ẹtu.
Mo sé èémí, mo yìnbọn,
ìró rẹ̀ lọ dé ara òkè, ó tún padà wá bá mi.
Ojú kan kú. Ìkejì ṣì ń wò mí.

Kò sí ẹran tí í fi ojú kan kú.
Mo rìn débẹ̀.
Agolo sàdíìnì méjì ni,
ẹnì kan fi wọ́n há àárín ẹ̀ka igi ayín.

Mo jókòó tì wọ́n títí ilẹ̀ fi mọ́.
Bàbá mi, Ọdẹ́níran ará Ìgbẹ́tì, a máa wí pé
ilẹ̀ kì í purọ́, ojú wa ni kì í kà á tán.
Ni mo bá ka ilẹ̀.

Ọdẹ mẹ́rin ló kọjá níbí lọ́gbẹlẹ̀ tó lọ.
Èyí àkọ́kọ́ ń wúkọ́: bébà Tọ́mtọ́m mẹ́sàn-án,
gbogbo rẹ̀ ló lọ́ bí ewé tí kòkòrò sùn sí.
Ìkejì ò mọ ìbọn í yìn: èèpo ọta pupa méje lójú kan,
kò sí eegun kan nítòsí wọn.
Ìkẹta ń bẹ̀rù òkùnkùn. Bátìrì ò tíì kú
tó ti ń yọ ọ́ sọnù; wọ́n wú, wọ́n ń sun omi dúdú
sẹ́bàá ọ̀gbun tí Ládìdí ará Gbàgyí ti ń pọnmi.
Ọ̀rá píọ́wọ́tà, mi ò kà á. Ta ní ń ka ewé?
Ìkẹrin ló jẹun jù.
Ó jókòó síbi tó dáa, ó dojú kọ afẹ́fẹ́
bí ẹni tí bàbá gidi kọ́ lọ́dẹ.
Ọ̀bẹ ló fi ń la agolo, ní àgbélébùú.
Ọ̀bẹ náà wà ní ìbàdí mi.

Ládìdí dé, ìkòkò omi lójìká,
bí tiwọn ti rí, wọn kì í gbẹ́rù lé orí.
Kò bú mi. Haúsá díẹ̀ tí àwa méjèèjì gbọ́
kò tó fi bú èèyàn.
Ó ní ewúrẹ́ òun kan kú kí òjò àkọ́kọ́ tó dé,
wọ́n la inú rẹ̀, wọ́n bá ọ̀rá tó di ìdì.
Ó fi ọwọ́ méjèèjì wọn bó ti tóbi tó.
Bí ọmọ tuntun.
Ó tú àpò sìmẹ́ńtì kan lára ìgbànú rẹ̀, ó fún mi, ó lọ.

Bàbá mi a máa wa ilẹ̀ bo ẹ̀jẹ̀ ẹran,
a máa fi ẹsẹ̀ tú eérú iná rẹ̀ ká,
kí ẹran mìíràn má baà mọ̀ pé a wá.
Ẹtu Yángojì ti mọ̀ wá tán.
Ó mọ ibi tí a ń jókòó, ó mọ ohun tí a jẹ,
ó mọ ẹni tó ń wúkọ́ nínú wa.
Àwa la wá di ẹni tí wọ́n ń tọ ipa rẹ̀.

Mo ṣà títí oòrùn fi kanrí.
Àpò kún, mi ò tíì kúrò lábẹ́ igi kan ṣoṣo.

Ní Kúbwà, àwọn ọmọ àdúgbò sáré pàdé ọ̀kadà:
Ẹ káàbọ̀! Kí lẹ pa?
Ìyá Adúnọlá ti gbé omi kaná.
Mo sọ àpò kalẹ̀, ó dún woroworo.
Mo ní, Ẹran tí mo yìnbọn fún rè é.
Ó ku ojú kan.
Mo gbàgbé rẹ̀ sórí igi.